Òjò, Ìjì àti Omíyalé: Ìdí Tí Omi Fi Ń Pa Ìlú Kan Tí Ó Sì Ń Dá Òmíràn Sí

Àwọn baba wa a máa wí pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ òjò tí ń ti ojú ọ̀run bọ̀ ni a ń wí, nítorí ó ń rọ̀ sórí ilé ìjòyè gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rọ̀ sórí ahéré àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò náà bá ti kan ilẹ̀, tí ó di àgbàrá, tí àgbàrá sì di omíyalé, ọ̀rọ̀ yí padà. Àgbàrá a máa yan ẹni tí yóò pa. Ó mọ ilé tí ó wà ní bèbè odò. Ó mọ ìyá arúgbó tí kò lè sáré. Ó mọ ayálégbé tí kò rí owó san yàrá lórí òkè. Ohun tí a fẹ́ là yé yín nínú ìwé kékeré yìí ni bí ìjì líle àti ìkún omi ti ń ba ìlú jẹ́, àti ìdí rẹ̀ tí ìjì kan fi lè pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ibì kan, tí irú rẹ̀ kò sì ní pa ẹyọ ẹnìkan ní ibòmíràn. A óò kọ́kọ́ wo ibi tí ìjì ti ń gbéra, a óò bá a rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà àti Kúbà, lẹ́yìn náà a óò padà sí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀rọ̀ náà gbé kàn wá jù lọ.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé apá ilẹ̀ ayé tiwa yìí ni púpọ̀ nínú àwọn ìjì tí ń ba ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn. Ní àkókò òjò, afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè réré a máa ti ìhà ilẹ̀ Sudan wá láti ìlà-oòrùn, a máa fẹ́ gba òkè ilẹ̀ Haúsá àti àgbègbè wa kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Kì í fẹ́ tààrà. A máa wọ́ bí ejò, ní ìgbì-ìgbì, nǹkan bí 60 irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń kọjá lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ òjò oníjì tí a ń rí ni ó ń bá wọn rìn: ìkùukùu dúdú yóò ṣú ní ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tútù yóò fẹ́, eruku yóò sọ, páànù yóò máa mì, kí òjò àti àrá tó dé. Lọ́dọ̀ wa, wákàtí kan tàbí méjì, ó ti tán. Alákàrà yóò tún iná rẹ̀ dá, ọjà yóò sì tún kún.

Ṣùgbọ́n ìgbì afẹ́fẹ́ náà kò tíì parí ìrìn rẹ̀. Ó ń lọ títí yóò fi jáde sórí òkun ní ìhà Sẹ̀nẹ̀gàl, lẹ́bàá àwọn erékùṣù Cape Verde. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò kú sórí òkun láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí omi òkun bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 ti Fahrenheit, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì fà á ya, ooru omi yóò máa gòkè, yóò di ìkùukùu, ìkùukùu yóò di òjò, dídi òjò náà yóò sì tún bí ooru mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ìjì náà yóò ṣe máa fi òkun ṣe oúnjẹ. Yíyí tí ayé ń yí ni yóò wá mú un máa pòyì bí òkòtò. Nígbà tí ìpòyì rẹ̀ bá yára tó máìlì 74 ní wákàtí kan ni a ń pè é ní họ́ríkéènì. Àwọn amòye ti wádìí rẹ̀ pé nínú àwọn tí ó le jù lọ lórí òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bí 85 nínú 100 ni ó ti inú ìgbì afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Áfríkà jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló dé tí irú rẹ̀ kò fi jà ní Èkó rí, ìdáhùn rẹ̀ ni pé Èkó súnmọ́ agbedeméjì ayé jù, níbi tí agbára ìpòyì náà kéré, àti pé ìjì wọ̀nyí ń kúrò lọ́dọ̀ wa ni, wọn kò bọ̀ wá bá wa.

A lè yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà láti sọ pé àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, gbé orúkọ Ọya dání lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ẹ̀fúùfù. A kò kọ èyí láti gbé òrìṣà ga. A kọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ yìí wà nínú àwọn tí ìjì ńlá ọdún 1844 àti èkejì rẹ̀ ti ọdún 1846 bá ní Havana, àti pé ìrọ́lé ẹ̀fúùfù kì í ṣe ohun tí etí wọn kò gbọ́ rí.

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ìjì yóò rò pé afẹ́fẹ́ ni í pa ènìyàn. Afẹ́fẹ́ a máa ṣí òrùlé lóòótọ́, a máa fa igi tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ṣùgbọ́n omi ni olórí apànìyàn. Bí ẹ bá bu omi sínú ọpọ́n tí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a sí apá kan, ẹ óò rí i pé omi náà yóò gun etí ọpọ́n, yóò sì dà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìjì ń gbá òkun. Ó ń tì í níwájú bọ̀. Nígbà tí ó bá sì dé etí ilẹ̀ tí kò ga, òkun kò rí ibòmíràn yà sí, a sì gun ilẹ̀ wá. Kì í ṣe ìgbì tí ń bọ̀ tí ń padà ni à ń wí yìí. Òkun fúnra rẹ̀ ni ó ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, tí ó wá jókòó sínú ìlú.

Ìlú Galveston, ní Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí èyí ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1900. Orí erékùṣù iyanrìn ni a tẹ ìlú náà dó sí. Ó lọ́rọ̀ púpọ̀, nítorí ní èbúté rẹ̀ ni a ti ń kó òwú sínú ọkọ̀. Ènìyàn bí 38,000 ni ó sì ń gbé ibẹ̀. Ibi tí ó ga jù lọ nínú gbogbo ìlú kò fi ẹsẹ̀ bàtà 9 ga ju òkun lọ. Àwọn kan ti dámọ̀ràn pé kí a mọ odi sí etí òkun, ṣùgbọ́n Isaac Cline, ẹni tí ó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ojú ọjọ́ fún ìjọba nínú ìlú náà, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 1891 pé ìtànjẹ ọkàn lásán ni kí ẹnikẹ́ni máa rò pé ìjì lè ṣe ìlú náà ní ibi ńlá. Ní ọjọ́ Sátidé tí a wí yìí, omi náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Ìyàwó Cline wà lára àwọn tí omi gbé lọ.

Ilé ọmọ òrukàn kan wà ní etí òkun, tí àwọn Sístà ti Ìjọ Àgùdà ń tọ́jú. Nígbà tí omi wọ ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí òkè. Nígbà tí ó tún ń tẹ̀lé wọn bọ̀, àwọn Sístà mú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé, wọ́n gé e, olúkúlùkù wọn sì so àwọn ọmọ mọ́ ara rẹ̀ kí omi má baà já wọn gbà. Ilé náà wó. Sístà 10 àti ọmọ tí ó tó 90 ni ó bá a lọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta péré ni ó yè, nítorí wọ́n rí igi dì mú. Bí a ti rí àwọn òkú náà nínú iyanrìn lẹ́yìn náà, okùn ṣì wà lára wọn.

Ní gbogbo ìlú, àwọn tí ó kú kò dín ní 6,000, ọ̀pọ̀ sì gbà pé wọ́n tó 8,000. Ilé tí ó lé ní 3,600 ni ó bàjẹ́ pátápátá. Àwọn òkú pọ̀ ju èyí tí a lè gbẹ́ ilẹ̀ sin lọ. A kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sọ sí òkun, ṣùgbọ́n òkun dá wọn padà sí etí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná sun wọ́n níbi tí a bá ti rí wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́ láàárín wa fi ara rẹ̀ sí ipò àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó mú wa dúró pẹ́ lórí Galveston ni èyí: kì í ṣe pé ìkìlọ̀ kò sí. Láti 1875 ni àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan ní Havana, Benito Viñes, ọmọ ilẹ̀ Spéìnì, ẹni tí ó ń ṣe olórí ilé ìwòjú-ọ̀run ti ilé ẹ̀kọ́ Belén, ti kọ́ bí a ti ń mọ ìjì kí ó tó dé. Ó ń fi sùúrù wo ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí ó ga jù lọ, bí ó ti ń nà jáde láti àárín ìjì bí irun ẹṣin. Ó ń kọ ìwọ̀n ìwúwo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní ojoojúmọ́. Ó sì ń ka ìròyìn tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun bá mú wá. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó kéde nínú ìwé ìròyìn pé ìjì ń bọ̀, ó sì bọ̀. Viñes kú ní 1893, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ dúró ti iṣẹ́ náà. Ní 1900, nígbà tí ìjì Galveston kọjá lórí Kúbà, àwọn ará Havana wí pé ọ̀nà Texas ni ó forí lé. Àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ ní Washington kò gbà á gbọ́. Èrò wọn ni pé yóò yà gba ọ̀nà Florida lọ sí àríwá. Amẹ́ríkà ni ó ń ṣàkóso Kúbà ní ọdún náà lẹ́yìn ogun, wọ́n sì ti fi òfin dí ọ̀nà wáyà tí àwọn ará Kúbà ìbá fi máa fi àsọtẹ́lẹ̀ wọn ránṣẹ́. Ìgbéraga ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a kò sì mọ orúkọ mìíràn tí a lè fún un.

Àwọn tí ó kù ní Galveston fi gbogbo agbára tún ìlú wọn ṣe. Láti 1902 dé 1904 wọ́n mọ odi òkúta tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17, tí ó sì gùn tó nǹkan bí máìlì mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí wọ́n gbé ìlú fúnra rẹ̀ sókè: wọ́n fi jáàkì gbé ilé tí ó lé ní 2,000 kúrò nílẹ̀, tó fi mọ́ ilé ìsìn ńlá kan tí a fi bíríkì kọ́, wọ́n sì ń fa iyanrìn olómi sábẹ́ wọn títí ilẹ̀ fi ga. Nígbà tí ìjì mìíràn tí ó le dé ní 1915, àwọn tí ó kú nínú ìlú kò tó 100. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ àtijọ́ kò padà mọ́. Àwọn oníṣòwò ti gbé ojú sí Houston, tí ó jìnnà sí etí òkun; wọ́n la ọ̀nà omi fún ọkọ̀ ńlá títí dé ibẹ̀ ní 1914, Houston sì di ìlú ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Bí ìjì ti lè mú ipò ìlú kan fún òmíràn nìyẹn.

Kúbà ni kí a wá wò nísinsìnyí, nítorí níbẹ̀ ni a gbé rí ohun tí ìwọ̀nba owó lè ṣe níbi tí ètò bá wà. Kì í ṣe pé ojú wọn kò rí màbo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1932 òkun bo ìlú Santa Cruz del Sur, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 2,500 lọ nínú ìlú tí kò tó 5,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963 ìjì tí a ń pè ní Flora dé ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù náà, kò sì lọ. Ó ń pòyì káàkiri ojú kan fún bí ọjọ́ mẹ́rin, òjò ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, odò Cauto sì kún bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ó ju 1,100 ènìyàn lọ tí ó kú.

Lẹ́yìn Flora ni wọ́n pinnu pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n mọ ìdídò sí àwọn odò, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò gba kóńkéré. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, a mọ ilé tí ó lágbára tí a lè sá sí, a sì mọ onílé rẹ̀. A mọ aboyún, a mọ arọ, a mọ bàbá arúgbó tí ó ń dá gbé, a sì ti yan ẹni tí yóò lọ gbé e. Bí ìjì bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta, a ti ń fi rédíò sọ ọ́. Bí ó bá ku ọjọ́ kan, ọkọ̀ ti dé láti kó ènìyàn. Wọ́n tún ṣàkíyèsí ohun kan tí a rò pé ọlọ́gbọ́n ni ó rí i: pé tálákà kò ní fẹ́ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà wọ́n ń kó ẹran ọ̀sìn àti ẹrù ilé lọ sí ibi ààbò pẹ̀lú àwọn tí ó ni wọ́n. Láti 1986, ní oṣù karùn-ún ọdọọdún, kí àkókò ìjì tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè a máa fi ọjọ́ méjì ṣe àṣewò ètò yìí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ìjì Ivan kọjá lẹ́bàá òpin ìwọ̀-oòrùn Kúbà nígbà tí ó wà ní ipò tí ó le jù lọ nínú ìwọ̀n ìjì. Ó ti pa ènìyàn tí ó ju 30 lọ ní erékùṣù kékeré Grenada ní ọ̀nà. Kúbà kó ènìyàn tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì kúrò ní ibi ewu, kò sì sí ẹnìkan tí ó kú. A kò sọ pé ètò wọn kò ní àbùkù, nítorí ìjì Dennis pa ènìyàn 16 nínú wọn ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ń wó, oko ń bàjẹ́, òṣì ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yè ni ó lè tún ilé kọ́.

Ní ọdún 2005 kan náà ni ìjì Katrina kọlu New Orleans, ní orílẹ̀-èdè tí ó lọ́rọ̀ jù lọ láyé. A pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jáde. Ẹni tí ó ní mọ́tò jáde, ẹni tí kò ní jókòó. Ògiri tí a fi dí omi wó, omi kún ìlú, ó sì ju 1,300 ènìyàn lọ tí ìjì náà pa. Nínú àwọn tí ó kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana, nǹkan bí ìdajì ni ó ti tó ẹni ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a ka ènìyàn ìlú náà ní 2000, wọ́n lé ní 484,000. Ní 2010 wọn kò tó 344,000. Àwọn tí ó sá lọ kò lè padà, nítorí àdúgbò tí wọn ìbá padà sí kò sí mọ́. Èyí ni ìdí tí a fi ń wí pé kí a má ṣe fi iye òkú nìkan wọn ohun tí omi bàjẹ́.

Ó tó kí a padà sí ilé. Ìbàdàn kò ní òkun, ìjì tí a ṣàpèjúwe yìí kò sì lè dé ibẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ọmọ ìlú náà tí a óò dá orúkọ Ògùnpa fún tí kò ní mi orí. Odò kékeré ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọmọdé lè fò ó kọjá ní ibòmíràn. Ó ti ìhà àríwá wá, ó gba Àgodi, ó gba àárín ọjà lọ sí ìhà gúúsù ìlú. Ní 1955, ní 1960, ní 1963, ó yalé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1978 ó tún yalé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó ṣe èyí tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òkú tí a rí gbé ju 100 lọ, iye wọn gan-an sì di ohun tí a ń jiyàn lé títí di òní. Títí di òní ni àwọn àgbà ń fi ọdún tí Ògùnpa ya ka ọjọ́ orí ọmọ wọn.

Báwo ni odò tí ọmọdé ń fò ṣe di apànìyàn? Ìbàdàn jẹ́ ìlú olókè. Nígbà tí igbó ṣì wà lórí àwọn òkè náà, ewé ń gba òjò, ilẹ̀ rírọ̀ ń mu ún, ìwọ̀nba tí ó bá ṣẹ́kù ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú odò ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lónìí páànù ni ó gba ipò ewé, kóńkéré àti ọ̀dà ojú títì sì gba ipò ilẹ̀ rírọ̀. Wọn kò lè mu omi. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ ń sáré kalẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó bá sì dé ìsàlẹ̀, ó bá pàǹtí tí a ti dà sínú odò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó bá ilé tí a kọ́ tì í lọ́tùn-ún lósì tí ó sọ ojú odò di tóóró, ó bá afárá tí ihò abẹ́ rẹ̀ kéré. Ẹ̀ka igi àti pàǹtí a dí ihò náà, afárá a sì di ìdídò. Omi a máa ga lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí afárá náà bá já, kì í ṣe òjò ni ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Odò tí a tú sílẹ̀ lójijì ni.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà níbí. Ní ọdún 2012 odò Ọya àti odò Benue kún ju bí a ti rí i rí fún 40 ọdún lọ. Ó lé omi wọ àwọn ìpínlẹ̀ púpọ̀, ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni ó fi ilé sílẹ̀, 363 sì kú. Ní Ìbàdàn ní 1980, ìwọ̀nba àdúgbò díẹ̀ nínú ìlú kan ṣoṣo ni omi dé, síbẹ̀ òkú ju 100 lọ. Odò ńlá a máa kún láti ọjọ́ dé ọjọ́, ojú a máa rí i. Odò kékeré láàárín òkè a máa kún láàárín wákàtí. Ará Kúbà ní ọjọ́ mẹ́ta láti palẹ̀mọ́. Ẹni tí ń gbé ní bèbè Ògùnpa kò ní ju ìgbà tí ó fi lè jí àwọn ọmọ rẹ̀ lójú oorun.

Lẹ́yìn 1980 ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífẹ ojú odò náà àti fífi kóńkéré mọ ọ́n, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣàǹfààní, ṣùgbọ́n kò kan àwọn odò yòókù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀. Omi Eléyẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, àwọn afárá já, omi wọ adágún ẹja àti ọgbà ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tí ó kú sì tún ju 100 lọ. Ní 2014 Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá orílẹ̀-èdè wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là láti fi bá Ìbàdàn wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ omíyalé.

Ohun tí a kì í sábà kọ sínú ìwé ìròyìn ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti fà. Ògiri ilé alámọ̀ kì í sábà wó nígbà tí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń rọ̀, ó sì lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti padà wọlé láti sá ẹní wọn, kí ó tó wó lé wọn lórí. Omi ṣáláńgá ti dà pọ̀ mọ́ omi kàǹga, àrùn onígbáméjì sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí omi kò pa lè tipa bẹ́ẹ̀ kú. Ìyálọ́jà tí omi gbé ìgbá aṣọ rẹ̀ lọ kò pàdánù aṣọ nìkan, nítorí àwìn ni ó fi rà á. Olówó aṣọ ń bọ̀, àjọ tí ó ń dá ń bọ̀, àwọn tí ó jọ ń dá a pẹ̀lú rẹ̀ sì wà nínú omi kan náà, débi pé kò sí ẹni tí yóò kó tirẹ̀ fún ẹnìkejì. Ìwé ilẹ̀ ti tutù, ìwé ẹ̀rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti di ẹrẹ̀. Àwọn ayálégbé tí ó ti jọ wà nínú agboolé kan fún 20 ọdún tú ká sí ọ̀dọ̀ ìbátan, ẹni tí ó mọ ìgbà tí ìyá àgbà ẹnu ọ̀nà kejì ń lo oògùn rẹ̀ kò sì sí nítòsí mọ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n tún padà sí bèbè odò. Àwọn kan a máa pè wọ́n ní aláìgbọ́n nítorí èyí, a kò sì lè bá wọn fi ohùn sí i. Ibẹ̀ ni owó ilé gbé kéré. Ibẹ̀ ni ọjà gbé súnmọ́, kò gba owó ọkọ̀. Ilẹ̀ baba ẹlòmíràn nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò fún un ní òmíràn. Ẹni tí ó yẹ kí a bi ní ìbéèrè ni ẹni tí ó mọ̀ pé ojú odò ni ilẹ̀ náà, tí ó tà á. Àti ẹni tí ó rí i ní ọ́fíìsì, tí ó fọwọ́ sí i.

Ní ti ìkìlọ̀, a kò wà bí a ti wà ní 1980. Ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣọ́ odò ń tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún, ó sì ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé. Ìwé dáradára ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kan tóbi. Ìwé náà kò lè sọ pé ilé kẹta lẹ́yìn afárá ni omi yóò kọ́kọ́ wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ̀ pé afọ́jú kan ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ni àwọn ará àdúgbò. Àwọn ni wọ́n tún mọ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn tí ó wà lórí òkè, tí a máa ń ti ìlẹ̀kùn wọn ní òru. Wọ́n sì lè béèrè nísinsìnyí ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé, àti bóyá ẹni náà ń sùn nítòsí.

Nínú àwọn omíyalé ńlá mẹ́ta tí a dárúkọ oṣù wọn lókè, méjì bọ́ sí òpin oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ti 1978 bọ́ sí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà oṣù kejì àti oṣù kẹta ni àkókò tí ó dára láti rin bèbè odò láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí ó gbẹ, tí ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ dúró lábẹ́ afárá kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó dí ihò náà.